Ta Ni Yóò Ka Àkọsílẹ̀ Náà? Lámèyítọ́ Ètò Àkọsílẹ̀ Ìlera Ara-Ẹni fún Àwọn Aláìsàn Ilé Ìwòsàn Kan ní Lókója

Àṣamọ̀

Pépà yìí yẹ ètò mẹ́ta wò, èyí tí ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Lókója fẹ́ mú ọ̀kan nínú wọn kí aláìsàn kọ̀ọ̀kan lè máa ní àkọsílẹ̀ ìlera ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ojú olùkọ́ èdè ni a fi wò wọ́n, kì í ṣe ojú oníkọ̀ǹpútà. Ohun méjì ni a fi ṣe òṣùwọ̀n: káàdì tí Dókítà David Morley ṣe fún àwọn ìyá ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé láyé àtijọ́, àti ẹ̀ka 23 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014. Ohun tí a ń sọ ni pé àkọsílẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò lè kà, tí a kò sì lè kà sí i létí kí ó yé e, ilé ìwòsàn ló ni ín, aláìsàn kàn ń bá wọn gbé e ni.

Ìfáàrà

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, odò Ọya àti odò Bẹ́núè kún bo ọ̀pọ̀ ilé ní Lókója. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá wà ní ìlú yìí lọ́dún 2012 kò nílò àlàyé. Omi gba Adankolo, ó gba apá Ganaja, ọ̀nà Àbújá sì dí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà lára àwọn tó kẹ́rù sá. Oyún oṣù márùn-ún wà nínú rẹ̀ nígbà náà. Káàdì aboyún rẹ̀ bá omi lọ. Fáìlì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn tó ń lò wà lórí pẹpẹ ìsàlẹ̀, omi sì ti sọ ọ́ di ẹ̀kọ.

Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn àna rẹ̀ ní Kàbà, wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì bi í bóyá oògùn kan wà tí ara rẹ̀ kọ̀. Ó ní Septrin ni. Nọ́ọ̀sì ní kò burú, àwọn kò ní fún un ní Septrin. Oògùn oníhóró mẹ́ta tí wọ́n fi ń dènà ibà fún aboyún, èyí tí a ń gbé mì lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n fún un lójú wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ara rẹ̀ ti lé ròrò, ètè rẹ̀ sì ti bó. Oògùn oníhóró mẹ́ta yẹn, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Fansidar, ẹbí kan náà ni òun àti Septrin. Súlífà wà nínú àwọn méjèèjì. Ọlọ́run ṣàánú, ìyá àti ọmọ yè é. Èrò pọ̀ ní ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹni tí omi lé kúrò nílé ló dà síbẹ̀, n kò sì fẹ́ fi gbogbo ẹ̀bi lé nọ́ọ̀sì lórí.

Ohun tó dùn mí jù ni ohun tí ọmọ náà sọ fún mi lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá. Ó ní ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n fi bírò pupa kọ síwájú káàdì òun àtijọ́, “sulpha”, òun sì ti ń rí i fún ọdún mẹ́ta láti ìgbà oyún àkọ́kọ́. Mo bi í pé kí ló rò pé ó jẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Dádì, mo rò pé orúkọ nọ́ọ̀sì tó kọ ọ́ ni.”

Ọmọ yìí kàwé. Ó parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ó ń ka Bíbélì Yorùbá ní ilé ìjọsìn, ó sì ń fi fóònù rẹ̀ tajà. Àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó lè dáàbò bò ó wà nínú àkọsílẹ̀ náà, ó sì gbé e kiri fún ọdún mẹ́ta láìmọ̀. Nítorí náà, nígbà tí dókítà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ mi, tó ní ilé ìwòsàn aládàáni níbí, sọ fún mi pé òun fẹ́ yan ètò kan tí àwọn aláìsàn òun yóò máa fi rí àkọsílẹ̀ ara wọn, tó sì ní kí n wá bá òun yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí Yorùbá, mo ní kí ó jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí ohun tí a fẹ́ yí. Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ.

Káàdì tí ìyá ọmọ ń mú relé

Kí a tó kan àwọn ètò náà, ó yẹ kí a rántí pé ilẹ̀ Yorùbá ni ọ̀kan nínú àwọn àkọsílẹ̀ ìlera ara-ẹni tó lókìkí jù lágbàáyé ti ṣẹ̀. Ní 1956, dókítà ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tó ti di apá kan lára ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lónìí. Ìmẹ̀sí-Ilé, tí kò jìnnà sí Iléṣà, ni ó ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di ẹni mímọ̀. Ó dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àwọn nọ́ọ̀sì ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ náà. Wọ́n á gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, wọ́n á fi àmì sórí káàdì, wọ́n á fi ìlà so àmì oṣù yìí mọ́ ti oṣù tó kọjá. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, nǹkan ń bẹ. Orúkọ tí káàdì náà wá ń jẹ́ kárí ayé túmọ̀ sí ọ̀nà sí ìlera.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí káàdì yìí gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ẹnìkan kọ fún òǹkàwé kan, nítorí bẹ́ẹ̀ ni àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ ṣe ń wo nǹkan. Ẹni tó ṣe é mọ òǹkàwé rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìyá tí yóò mú un kò mọ̀wé, ó sì fi ìlà sọ ohun tí ọ̀rọ̀ ìbá sọ. Ìyá tí kò mọ A yàtọ̀ sí B mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Ó mọ̀ pé ìyá lè má rántí ọjọ́ orí ọmọ bí a ti ń ka oṣù nínú kàlẹ́ńdà, nítorí náà inú àpótí àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ oṣù tí a bí ọmọ sí, àwọn oṣù yòókù á sì tò tẹ̀ lé e, tó jẹ́ pé ojú káàdì fúnra rẹ̀ ní í sọ iye oṣù tí ọmọ jẹ́. Àyè kan tún wà fún ìdí tí ọmọ kan fi ń fẹ́ àmójútó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n á ki káàdì bọ inú ọ̀rá, ìyá ni yóò sì mú un lọ sílé. Àwọn dókítà ìgbà náà sọ pé àwọn ìyá yóò sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá kò sọ ọ́ nù; Morley fúnra rẹ̀ rí i pé wọ́n mọ̀ ọ́n tọ́jú ju yàrá fáìlì lọ. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ká ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìrìbọmi mọ́ aṣọ nínú àpótí kò ní yà lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n a kò gbọ́dọ̀ kan sáárá sí i ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó wà lórí káàdì náà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé irú káàdì bẹ́ẹ̀ jáde fún gbogbo orílẹ̀-èdè ní 1978, tí UNICEF náà sì fi wíwọn ọmọ ṣe ọ̀kan nínú ohun mẹ́rin tó ń polongo lẹ́yìn 1980, káàdì tàn kálẹ̀, ìjíròrò tó yẹ kó bá a rìn kò tàn tó o. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ó di ohun tí òṣìṣẹ́ ń kọ kí ó lè ní ohun tí yóò fi han ọ̀gá. Nọ́ọ̀sì á fi àmì síbẹ̀, á tì í padà sínú ọ̀rá, á pe ẹni tó kàn. Káàdì tó jẹ́ pé ìyá ni wọ́n ṣe é fún padà di ti ọ́fíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú àpò ìyá ló ń sùn.

Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, àpò ìyá pàápàá kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́. Láti 1989 ni àwọn olùkọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti ń bá àwọn ti Yunifásítì Kuopio ní Finland ṣiṣẹ́ lórí ètò kọ̀ǹpútà fún ilé ìwòsàn, èyí tó bí MINPHIS, tí a ṣe ní Nàìjíríà fún Nàìjíríà. Iṣẹ́ ńlá ni, ó sì tọ́ kí a fi yangàn. Àmọ́ bí a bá béèrè pé ta ni òǹkàwé rẹ̀, ìdáhùn ni òṣìṣẹ́ àkọsílẹ̀, dókítà, àti ẹni tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba. Aláìsàn kò sí níbẹ̀. N kò fi ìyẹn bú wọn, nítorí ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìyẹn. Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ lónìí ni kí a mú irú ètò bẹ́ẹ̀, kí a ṣí fèrèsé kékeré kan sí i lára, kí a ní ti aláìsàn nìyí.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 pa á láṣẹ ní ẹ̀ka 25 pé kí ilé ìwòsàn ní àkọsílẹ̀ fún olúkúlùkù ẹni tó ń lò ó, ó sì pa á láṣẹ ní ẹ̀ka 26 pé àṣírí ni. Àwọn méjèèjì yìí ni oníṣòwò ètò kọ̀ǹpútà máa ń tọ́ka sí. Èyí tí wọn kì í tọ́ka sí ni ẹ̀ka 23. Ibẹ̀ ni òfin ti ní kí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn sọ ipò ìlera rẹ̀ fún un, kí ó sọ oríṣiríṣi ìtọ́jú tó wà, ewu inú wọn àti iye owó wọn, níbi tó bá sì ti ṣeé ṣe, kí ó sọ ọ́ ní èdè tí aláìsàn gbọ́, lọ́nà tó bá ìwọ̀n ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà rẹ̀ mu.

“Níbi tó bá ti ṣeé ṣe” yẹn ni ihò tí gbogbo ènìyàn ń gbà jáde. Àmọ́ ẹ wò ó: bí ilé ìwòsàn bá ń yan ètò tuntun lónìí, tó ní owó láti san, tó sì ní àyè láti béèrè ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ìgbà wo ni yóò tún ṣeé ṣe jù báyìí lọ? Ìgbà tí a bá ti ra ètò náà tán ni kò ní ṣeé ṣe mọ́.

Àwọn ètò mẹ́ta náà

N kò ní dárúkọ àwọn tó ń tà wọ́n, torí pé ọjà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà.

Ètò kìíní so mọ́ kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn náà. Aláìsàn yóò fi fóònù wọlé pẹ̀lú nọ́ńbà àti páswọ́ọ̀dù, yóò rí èsì àyẹ̀wò, oògùn tí a kọ fún un, àti ọjọ́ tí yóò padà wá. Ó dára lójú, ó sì yá. Àléébù rẹ̀ ni pé bí aláìsàn bá dé Kàbà tàbí Òkéné, ojú fóònù nìkan ló ní láti fi han dókítà ibẹ̀, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá sì wà. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kí wọ́n fi ojú ewé èsì àyẹ̀wò hàn mí. “HIV: Negative” ló wà níbẹ̀ ní lẹ́tà pupa. Gbogbo olùkọ́ tó bá ti kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì rí mọ̀ pé “negative” ni ohun tí kò dára, “positive” ni ohun tó dára. Ohun tí a kọ́ wọn nípa ìwà àti èrò nìyẹn. Aláìsàn tó bá dá nìkan ka èsì yìí lóru nínú yàrá rẹ̀, tó sì rí i pé pupa ni wọ́n fi kọ ọ́, yóò sunkún nígbà tó yẹ kó dúpẹ́, ẹni tó sì rí “positive” lè fò sókè fún ayọ̀. Ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀: “a kò rí i” tàbí “a rí i”. Ẹ̀mí wà lórí ọ̀rọ̀ mẹ́rin.

Ètò kejì jẹ́ áàpù tó dá dúró, tí aláìsàn yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ohun tó bá fẹ́ sí, tí yóò sì gbé kiri láti ilé ìwòsàn kan sí òmíràn. Ẹni tó mú un wá sọ pé ọ̀fẹ́ ni. Ohun tó dára nínú rẹ̀ ni pé aláìsàn ló ni ín ní tòótọ́. Ìbéèrè mi ni bóyá ilé-iṣẹ́ náà yóò ṣì wà níbẹ̀ lọ́dún mẹ́wàá sí i. Google gbé irú rẹ̀ jáde ní 2008, ó sì pa á tì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2012. Microsoft gbé HealthVault jáde ní 2007, ó sì ti í pa ní oṣù kọkànlá ọdún 2019. Àwọn méjèèjì fún àwọn tó ń lò ó láyè láti kó ohun ìní wọn jáde. Bí àwọn tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè palẹ̀ mọ́, kí ni a fẹ́ sọ nípa ilé-iṣẹ́ kékeré tí kò ju yàrá méjì lọ? Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń polówó rẹ̀ pé bí a bá fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ jáde, ṣé a lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ó ní ìyẹn ń bọ̀ lọ́nà. Òfin Ìdáàbòbò Ìwífún ti ọdún 2023 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ohun tí a kọ nípa rẹ̀. Ohun tó “ń bọ̀ lọ́nà” kò tíì tẹ́ òfin yẹn lọ́rùn.

Ètò kẹta ni dókítà kò kà sí. Ìwé kékeré ni, bí ìwé ìfowópamọ́ ti báǹkì àtijọ́, tí wọ́n ń tẹ èsì àti oògùn sórí bébà kan lẹ́ẹ̀ mọ́ ọn nígbàkúùgbà tí aláìsàn bá wá, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì bá ti inú kọ̀ǹpútà mu. Ó ní ti ayé àtijọ́ ni. Mo sọ fún un pé láti 1948 ni Japan ti ń fún aláboyún ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ìyá àti ọmọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ pé Japan kò mọ kọ̀ǹpútà. Àmọ́ mo gbà fún un lórí ohun kan: omi. Ìwé ni káàdì ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, omi sì gbé e lọ. Ohun tó wà lọ́wọ́ aláìsàn nìkan lè sọnù, ohun tó wà nílé ìwòsàn nìkan lè rà. Ìwé lọ́wọ́ aláìsàn, ẹ̀dà rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ẹ̀dà mìíràn níbi tí odò kò lè dé: èyí ni ìlú tó wà ní ìpàdé odò méjì nílò, kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn.

Orúkọ, ọjọ́ orí, àti fóònù ta ni

Àwọn ètò méjì àkọ́kọ́ béèrè orúkọ ìdílé, orúkọ àkọ́kọ́ àti orúkọ àárín. Ẹnikẹ́ni tó bá ti bá àwọn àgbàlagbà wa gbé mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ìyá tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Ìyá Ṣadé ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é, orúkọ ìrìbọmi, orúkọ ọkọ, àti orúkọ tí àwọn àna fún un. Bí a bá kọ ọ̀kan sílẹ̀ lónìí, ọmọ rẹ̀ tó mú un wá lọ́la á pe òmíràn, kọ̀ǹpútà á sì ṣí ojú ewé tuntun fún un bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ayé. Báyìí ni obìnrin kan ṣe lè ní àkọsílẹ̀ mẹ́ta tí ọ̀kan kò mọ èkejì. Àmì ohùn náà kò sí lórí èyíkéyìí nínú wọn. Ayọ̀ àti Ayọ́, kọ̀ǹpútà kò mọ ìyàtọ̀. Èyí kò jọ ohun ńlá títí di ọjọ́ tí a bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ sí ẹnìkan lára.

Ti ọjọ́ orí tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà kò gbà kí a fi àyè ọjọ́ ìbí sílẹ̀ lófìfo. Akọ̀wé á bi Bàbá, Bàbá á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú lọ́dún tí a bí òun, akọ̀wé á sì tẹ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún tó bá wá sí i lọ́kàn. Mo wo àwọn àgbà tó wà lórí ètò kìíní, ọjọ́ ọdún tuntun ni a bí púpọ̀ nínú wọn! Ètò tí a ṣe ní Ìmẹ̀sí-Ilé mọ̀ pé ọjọ́ orí jẹ́ ohun tí a ń wá rí pẹ̀lú ìbéèrè. Tiwa gbà pé ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Fóònù ńkọ́? Wọ́n ń pè é ní àkọsílẹ̀ ara-ẹni, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ilé, fóònù kì í ṣe ti ara-ẹni. Nọ́ńbà ọmọ tó wà ní Àbújá ni ìyá kan fi sílẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ ni ìyàwó fi sílẹ̀, nítorí pé ọkọ ló sanwó. Èsì àyẹ̀wò oyún tàbí ti kòkòrò HIV á wá dún lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí ẹni tó lara tó gbọ́. Ẹ̀ka 26 sọ pé àṣírí ni, òfin ti 2023 sì fi ọ̀rọ̀ ìlera sí ara ìwífún tó nílò ìṣọ́ra jù, àmọ́ kò sí òfin tó lè mú àtẹ̀jíṣẹ́ padà. Mo ní kí wọ́n máà fi èsì ránṣẹ́ rárá. Kí wọ́n kàn kọ ọ́ pé “Ẹ wá rí wa”. Dókítà gbà.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ibí ni wọ́n pè mí sí, ibí ni mo sì ti ní iṣẹ́ jù. Ohun àkọ́kọ́ tí mo kíyè sí ni pé ìtumọ̀ tí ẹni tó ń ta ètò kìíní ti bá wa ṣe, tí ó dájú pé kọ̀ǹpútà ló ṣe é, pe ibi tí a ń kọ ìfúnpá sí ní “ẹ̀jẹ̀ ríru”. Ẹ fojú inú wo Bàbá tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 120/80, tí kò sí ohun tó ṣe é, tó wá ṣí ìwé rẹ̀ tó rí “Ẹ̀jẹ̀ ríru: 120/80”. Ẹ ti sọ fún un pé ó ní àìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru. Lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ẹ̀jẹ̀ ríru ni àìsàn náà. Ìfúnpá ni ohun tí a ń wọ̀n. Bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, àwọn kan yóò máa lo oògùn tí kò yẹ, àwọn kan á sì so ìrètí nù.

“Ibà” náà ní wàhálà tirẹ̀. Ara gbígbóná ni lẹ́nu ẹnìkan, ti ẹ̀fọn ni lẹ́nu ẹlòmíràn, ibà pọ́njú sì tún jẹ́ òmíràn. Mo ní kí wọ́n kọ “ibà ẹ̀fọn” níbi tí àyẹ̀wò bá ti fi hàn bẹ́ẹ̀, kí wọ́n sì kọ “ara gbígbóná” níbi tí wọn kò bá tíì mọ ohun tó fà á. Ní ti ohun tó fẹ́ pa ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, a kò wá ọ̀rọ̀ lọ síbi jíjìnnà. Yorùbá ti ní i: “ohun tí ara mi kọ̀”. Lábẹ́ rẹ̀ a ní kí wọ́n kọ orúkọ oògùn náà bí a ṣe ń pè é lọ́jà, kí wọ́n sì kọ “ẹbí rẹ̀” pẹ̀lú orúkọ àwọn ìyókù. Ọ̀rọ̀ “ẹbí” yìí dùn mọ́ mi nínú. Kò sí Yorùbá tí a ní láti ṣàlàyé fún pé bí ènìyàn kan bá ṣe ọ́ níbi, kí o ṣọ́ra fún àbúrò rẹ̀.

Àwa tí a lo ìwé èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti ìkejì rẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú ní 1990, mọ bí ìgbìmọ̀ ṣe ń dá ọ̀rọ̀ tuntun. A sì mọ̀ pé àwọn ọ̀rọ̀ tó yè níbẹ̀ ni èyí tí olùkọ́ ń lò ní kíláàsì lójoojúmọ́. Iṣẹ́ àkànṣe ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá darí ní Ilé-Ifẹ̀ láti 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Kò sí ìdí tí èdè tó gba ìṣirò kò fi ní gba èsì àyẹ̀wò ìtọ̀.

Ṣùgbọ́n Yorùbá ta ni, ní Lókója? Ẹ jókòó fún wákàtí kan nínú yàrá ìdúró ilé ìwòsàn náà. Ẹ ó gbọ́ Ígálà, Ẹ̀bìrà, Núpé, Haúsá, Bàsà. Ẹ ó gbọ́ Ọ̀wọ́rọ̀, Yàgbà, Ìjùmú àti Bùnú, tí wọ́n jẹ́ ara Yorùbá, síbẹ̀ tí ìkíni wọn pàápàá, Òkun, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kọ sínú ìwé wa. Bí mo bá ní kí gbogbo rẹ̀ jẹ́ Yorùbá ti ilé ìwé, mo ti ṣe ohun tí mo ń bá Gẹ̀ẹ́sì jà lé lórí. Ojú Morley ló bọ́ sí i níbí: ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ kò ní èdè. Ìfúnpá àti ṣúgà lè gba irú ìlà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ara kọ̀ kò lè gba ìlà, ọ̀rọ̀ ló nílò, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ké sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kọ́ni ní Ígálà àti Ẹ̀bìrà, tí wọ́n wà nínú àpérò yìí, pé kí a jọ kọ ojú ewé kan ṣoṣo yẹn ní èdè kọ̀ọ̀kan, kí a sì gba ohùn wa sílẹ̀ fún ẹni tí kò lè kà.

Ohun tí dókítà sọ

Ẹ̀rù ń bà á pé bí aláìsàn bá ka ohun tí òun kọ, wọn yóò máa bá òun jiyàn, ọkàn wọn kò sì ní balẹ̀. Mo sọ fún un nípa ìdánwò tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà láti 2010, ní Boston, ní Pennsylvania àti ní Seattle, níbi tí àwọn dókítà ti gbà kí aláìsàn máa ka àkọsílẹ̀ wọn. Nígbà tí ọdún pé, kò sí dókítà kan nínú wọn tó yàn láti dáwọ́ dúró. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn yẹn kì í rí àádọ́ta aláìsàn láàárọ̀ ọjọ́ kan. Òótọ́ ló sọ, èmi náà sì rò ó.

Níkẹyìn, ó yàn láti so ètò kẹta mọ́ ètò kìíní: ìwé lọ́wọ́ aláìsàn, kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn. Ó ní kí ẹni tó ń ta ètò kìíní yí ojú ewé èsì padà, kí ó sì jẹ́ kí a lè tẹ gbogbo rẹ̀ jáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun kò rà á. Wọ́n ṣì ń bá ara wọn sọ ọ́ bí mo ṣe ń kọ pépà yìí. Ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé náà ni a ti parí. Mo mú un lọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ti padà sí Lókója báyìí, àmọ́ tí kò gbé ìsàlẹ̀ mọ́. Ó ka “Ohun tí ara mi kọ̀”. Ó ka “Septrin”. Ó ka “Ẹbí rẹ̀”, ó sì fi ìka tọ́ Fansidar, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ta ni yóò máa kọ ọ́ lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀ bíi ti ọjọ́ yẹn. Mo gbé ìbéèrè náà lọ bá dókítà. Òun náà kò tíì rí ìdáhùn sí i.